Iná Tí Pamílẹ́rìn Kò Ṣe Ìlérí Rẹ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọsàn ni mo ń bó fún Màámi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Bonamoussadi, ní ìlú Douala. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Màámi jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú tí dókítà ní kí ó máa lò, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń wú sórí àpótí, ó ń wo bí mo ṣe ń yí ọ̀bẹ po kí èèpo ọsàn náà má baà já. Fóònù mi dún. Steve ni.

Ọmọ Douala ni Steve. Òun àti àbúrò mi, Pamílẹ́rìn, jọ kàwé níbí kí wọ́n tó jọ lọ sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan. Kì í pè mí. Bí ó bá fẹ́ kí wa, inú fóònù Pamílẹ́rìn ló ti máa ń kí wa, á máa pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Mama, bonjour o!" Nítorí náà kí n tó gbé ìpè náà, mo ti mọ̀ pé kò dára.

Ó bi mí ní èdè Faransé bóyá mo dá wà. Mo ní rárá. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́, ní kúkúrú, bí ẹni tí ó ti fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò kí ó tó pè: pé ilẹ̀ ń yọ̀, pé Pamílẹ́rìn ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, pé ọkọ̀ akẹ́rù kan kò rí i. Pé ẹ̀mí ti bọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

"Ta nìyẹn?" Màámi béèrè.

"Steve ni, mà."

"Steve ti Pamílẹ́rìn?" Ojú rẹ̀ tàn. "Bá mi kí i dáadáa. Bi í pé iná wọn ńkọ́? Ṣé ó tún ti jó?"

Mo sọ fún Steve pé màmá wa kí i, pé ó ń béèrè iná. Ọmọkùnrin náà bú sẹ́kún. Mo jẹ́ kí ó sunkún díẹ̀ sí mi létí, mo wá ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́. O ṣé." Mo pa fóònù. Mo sọ fún Màámi pé iná ń jó. Mo bó ọsàn náà tán, mo gé e lórí, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó mu ún. Ó ní ó dùn.

Iná tí Màámi ń béèrè kì í ṣe iná ìdáná, kì í sì í ṣe èyí tí ń wá láti ojú òpó. Ohun tí ń jó nínú oòrùn ni Pamílẹ́rìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà láti dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Wọ́n á mú háídírójìn, oríṣi rẹ̀ méjì tí ó wúwo ju ti inú omi lásán lọ, wọ́n á fi sínú hóró róbótó kan tí kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Wọ́n á wá tan ìtànṣán lésà tí ó lágbára gan-an, kí agbára rẹ̀ lè tẹ hóró náà láti gbogbo ìhà lẹ́ẹ̀kan náà. Hóró náà á fún wọ inú, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ á gbóná ju àárín gbùngbùn oòrùn lọ, oríṣi méjèèjì á sì wọnú ara wọn, wọ́n á di ohun mìíràn. Níbi tí wọ́n ti ń wọnú ara wọn yẹn ni agbára ti ń jáde. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Bí mo ṣe mọ èyí ni pé kì í sú Pamílẹ́rìn láti ṣàlàyé. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó máa ń pè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yẹ àwọn hóró náà wò kí wọ́n tó lò wọ́n.

"Màámi, bí ẹ bá di ẹ̀bà mú lọ́wọ́, tí ẹ fún un, tí ẹ kò fún un dọ́gba, kí ló máa ń ṣe?"

"Á yọ láàárín ìka."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ara hóró yẹn bá ní àpá kan péré, àpá tí ó kéré sí fífẹ̀ irun orí yín, ibẹ̀ ló máa gbà yọ. Iná ò ní jó."

"Ìwọ ni wọ́n wá ní kí o máa wá àpá náà?"

"Èmi ni, mà."

"Ojú rẹ á fọ́. Máa jẹ kárọ́ọ̀tì."

Kí ẹsẹ̀ Màámi tó dá a jókòó, ó ní ṣọ́ọ̀bù abọ́ àti ìkòkò ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Marché Dakar. Kúlúsúmù, obìnrin Ìwó tí ó ń ta aṣọ ìbora lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í yéé fi ọ̀rọ̀ Pamílẹ́rìn ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ mi ló fi ń pe Màámi.

"Ìyá Fadékẹ́, ẹ ní ọmọ yín ń dá oòrùn?"

"Oòrùn kékeré ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Èyí tí Ọlọ́run fún wa ti ń yan wá bí ẹja. Òjò ni kí ó bá wa dá dúró."

"Bó bá dé, ìwọ ò ní gbà lára rẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Èmi ni n ó kọ́kọ́ fa wáyà!"

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, rédíò ní ilé ìwádìí kan ní California ti ṣe é. Fún ìgbà àkọ́kọ́, agbára tí ó jáde lára hóró kan ju agbára ìtànṣán tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lọ. Kúlúsúmù ló sáré wá sọ ọ́, pẹ̀lú aṣọ ìbora kan ní èjìká. Màámi dìde jó láàárín àwọn ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí Pamílẹ́rìn pè, gbogbo wa ló dorí bo fóònù náà.

"Ó ti parí nìyẹn, àbí?" ni Màámi bi í.

"Ó jó, mà. Inú wa dùn, a ò lè sùn. Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Iná tí wọ́n fà lára wáyà kí lésà tó lè tàn pọ̀ ju èyí tí ó jáde lọ, kì í ṣe díẹ̀. Iná yẹn ò tíì lè gbé ara rẹ̀, ká má tíì sọ pé kó gbé wa."

"Ìgbà wo ló máa wá gbé wa?"

"N kò mọ̀, mà."

"Fojú dá a."

"Ó lè pẹ́ gan-an. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ò ní rí i. Ó lè jẹ́ pé èmi náà ò ní rí i."

Màámi bínú. "Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Màámi, ṣé kí n parọ́ fún yín ni?"

Kúlúsúmù pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọmọ tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà rèé. Ìyá Fadékẹ́, ẹ má fi í sí ṣọ́ọ̀bù o, gbogbo abọ́ ni yóò sọ àléébù rẹ̀ fún oníbàárà."

Màámi rẹ́rìn-ín. Bí Pamílẹ́rìn ṣe rí nìyẹn láti kékeré.

Ní ọjọ́ tí Steve pè, mo dúró títí Màámi fi sùn lọ lórí àga, mo wá lọ bá àbúrò rẹ̀, Oyèkọ́lá, tí a ń pè ní Bàbá Kíkí. Ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ó jáde wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, pẹ̀lú ìwé ẹrù lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn awakọ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un," ó ní.

"Bàbá Kíkí, títí di ìgbà wo?"

"Títí ara rẹ̀ á fi le. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni? Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni, Fadékẹ́. Ṣé ẹni méjì lo fẹ́ ká sin lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní rárá.

"Kí wọ́n sin ín síbẹ̀. Ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn."

Mo mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ní ilé wa, ikú àgbà ni wọ́n ń kígbe rẹ̀; ti ọmọ, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń rìn yí ìyá rẹ̀ ká, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń fi iná pamọ́ fún ọmọ tí ń rákò. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n pọ̀ nínú ilé, wọ́n pín ẹrù náà láàárín ara wọn. Nínú ilé tiwa, èmi àti Màámi nìkan ni.

Inú ọkọ̀ Bàbá Kíkí ni mo jókòó sí nígbà tí wọ́n sin àbúrò mi. Steve gbé fóònù rẹ̀ sókè kí a lè rí i. Àwọn tó wá síbẹ̀ kò pọ̀. Ó bu erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pe orúkọ ara rẹ̀. Ó tún bu ú, ó pe orúkọ mi, Fadékẹ́, kò pè é dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo ra tòmátì, mo lọ sílé lọ se ọbẹ̀.

Mo sọ fún Màámi pé wọ́n ti wọ inú iṣẹ́ ńlá kan ní ilé ìwádìí náà, wọn kò sì gba fóònù wọlé fún ẹnikẹ́ni. Pé Pamílẹ́rìn yóò máa kọ̀wé sí mi, èmi yóò máa kà á fún un.

"Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́," ó ní.

"Ẹ ṣe sùúrù, mà."

Steve ló ràn mí lọ́wọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ó máa ń fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi ní èdè Faransé. Màá yí i sí Yorùbá, màá wá gbé e sí ẹnu Pamílẹ́rìn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn tí irun mi ti ń funfun. Mo kà fún Màámi pé ní California, agbára tí ń jáde lára hóró ti lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ti ju ìlọ́po méjì agbára ìtànṣán náà lọ. Mo kà á pé iná tí ń jó lẹ́ẹ̀kan tí á tún kú kò lè wúlò fún ìlú. Bí wọ́n bá fẹ́ fi pèsè iná fún ilé, hóró bíi mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ máa jó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀rọ ńlá tó wà báyìí kì í jó ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ lóòjọ́. Pé àwọn kan ń ṣe lésà tuntun tí kò ní máa jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní máa sinmi pẹ́. Pé ọ̀kan nínú oríṣi háídírójìn méjèèjì ṣọ̀wọ́n, àti pé láti inú lítíọ̀mù, irin tó wà nínú bátìrì fóònù, ni wọ́n ti fẹ́ máa mú un jáde, nínú ògiri ilé tí iná náà ti ń jó.

"Ó kù," Màámi á ní.

"Ó kù, mà. Ó ní ó ṣì kù púpọ̀."

Á mi orí, á ní kí n tún ibi tí ó sọ ti lítíọ̀mù kà.

Ilé ẹ̀kọ́ mísọ̀n ni mo lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé irọ́ kò ní kékeré. Mo máa ń rántí ìyẹn bí mo bá jókòó láti kàwé fún un, màá sì kà á. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń kà á, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ara mi, màá wá rọra kà á kí ó má tètè tán. N kò lè wọ dúdú. Bí mo bá fẹ́ sunkún, màá ṣí omi ẹ̀rọ sínú garawa ní balùwẹ̀. Kúlúsúmù, tí a ti sọ fún, ṣì máa ń wá kí Màámi, ṣùgbọ́n kò lè ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, Màámi sì bi í bóyá inú ń run ún.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Délestage ni, bí wọ́n ṣe ń pe mímú iná lọ níbí. Láti àárọ̀ ni fáànù ti dúró. Ooru mú. Màámi kọ oúnjẹ. Ó kọ oògùn. Nígbà tí mo ní kí n kàwé Pamílẹ́rìn fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń fi etí ìró nu ojú.

"Kọ̀wé sí i pé kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kó máa bọ̀. Iṣẹ́ tí kì í tán, irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. N kò fẹ́ iná mọ́."

Mo wo ohun tí Steve kọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò dára. Wọ́n ti gbé ìdánwò kan kalẹ̀ tí wọ́n ti ń retí tipẹ́, iná kò jó. N kò lè kà á fún ẹni tí ń sunkún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń bà mí, mo fẹ́ kí ó gbé oògùn náà mì. Mo pa fóònù dé sórí itan mi.

"Màámi, ẹ má sunkún mọ́. Ó ní wọ́n ti yanjú rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù ló ti tán. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, iná náà máa dé Douala níbí, òun fúnra òun ló máa wá tàn án fún yín nínú yàrá."

Màámi dá ẹkún dúró.

"Pamílẹ́rìn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni, mà."

"Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sọ pé ó kù?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí pẹ́. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi lé itan. Ó ní kí n gbé oògùn wá. Ó lò ó. Ó jẹ oúnjẹ díẹ̀, ó sì wọlé lọ dùbúlẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti wò ó sàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a tí ó ti wẹ̀, tí ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láìsí gèlè lórí.

"Fadékẹ́, jókòó."

Mo jókòó.

"Ìgbà wo ni ó kú?"

"Màámi..."

"Má tún pa òmíràn. O ò mọ̀ ọ́n pa." Kò gbé ohùn sókè. "Mo ti ń fura. Ìyá tí kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ṣé kò ní fura? Ṣùgbọ́n bí o bá ń kà á, òun ni mo ń gbọ́. Ó kù, kò tíì tó, a ò mọ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi nìyẹn, ó wà níbì kan, ó ń kọ nǹkan. Mo dì í mú. Lánàá o wá ní ó ṣe ìlérí fún mi." Ó mi orí. "Nígbà tí gbogbo ayé ń jó, tí èmi náà ń jó, ó wò mí lójú nínú fóònù, ó ní ó lè jẹ́ pé n kò ní rí i. Ọmọ yẹn kò lè sọ ohun tí o sọ lánàá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, kẹ̀kẹ́, ọkọ̀, erùpẹ̀ tí Steve bù ní orúkọ mi. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó ké, igbe kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀, mo sì dì í mú, mo ń retí pé kí ó ṣubú. Kò ṣubú. Ó ké títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ nìkan lo ti ń dá gbé e láti ìgbà yìí."

Bàbá Kíkí wá ní ìrọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Oyèkọ́lá, ẹ sọ mí di ọmọdé."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ló bà wá."

"Èmi náà ẹ̀rù bà mí. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kò ṣe nǹkan kan. A kò pe ènìyàn. Kúlúsúmù wá jókòó sórí ẹní fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń ṣa ìrẹsì, kò sọ púpọ̀. Dókítà ní kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ Màámi láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ga, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ga. Ó ń jẹun bí wọ́n bá ní kó jẹun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n gbé àga rẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Steve kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ó kọ ọ́, mà."

"Kà á bó ṣe kọ ọ́."

Mo kà á bí ó ṣe kọ ọ́. Pé wọ́n ti wá ìdí tí ìdánwò wọn fi kùnà, ó jọ pé ihò tíńtín kan wà lára hóró náà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Pé wọ́n ti fi ọmọbìnrin kan sí ìdí ẹ̀rọ tí Pamílẹ́rìn ti ń yẹ wọ́n wò. Pé ọmọ náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Kò tíì jó," Màámi ní.

"Kò tíì, mà."

Ó yí ojú sí ọ̀nà. Àwọn ọ̀kadà ń kọjá.

"Bá mi tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí nínú fóònù yẹn."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe kí ó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ó wọ ilé onílé.

"Steve, ìyá Pamílẹ́rìn ni. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwọ àti ọmọbìnrin tí ó jókòó sí ààyè rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ó rọra máa wò ó. Ẹnì kankan ò lé yín."

Mo ní, "Màámi, kò gbọ́ Yorùbá. Ṣé kí n fi èdè Faransé kún un?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe máa kí ọmọ mi nìyẹn."

Mo fi í ránṣẹ́.